Ohun Tí Wọ́n Fi Sí Ọ Lọ́wọ́

Bí ọjọ́ kejìlá oṣù Òkúdù bá ti dé, ilé-ẹ̀kọ́ a di títì káàkiri Nàìjíríà. Ní Mahintẹ̀dó níbí, ọmọ tí kò lọ sílé-ẹ̀kọ́ a bá ìyá rẹ̀ yan ẹja, tàbí kó bá bàbá rẹ̀ tún àwọ̀n ṣe. Iṣẹ́ rere ni. Ṣùgbọ́n bó bá béèrè pé nítorí ta ni a ṣe ń sinmi, kí la máa wí fún un?

Nítorí Olóyè M.K.O. Abíọ́lá ni. Ní June 12, 1993, àwọn ará ìlú tò sórí ìlà, wọ́n dìbò fún un láti di ààrẹ Nàìjíríà. Ní Kánò pàápàá, níbi tí Bashir Tofa tó ń bá a du ipò ti wá, Abíọ́lá ló borí. Ọ̀pọ̀ àwọn tó dìbò yìí kò bá a tan, wọn kò gbọ́ èdè rẹ̀. Wọ́n fọkàn tán an ni. Ìjọba ológun Babangida fagi lé ìbò náà. Ní June 1994, Abíọ́lá kéde ara rẹ̀ ní ààrẹ ní Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó, l'Ékòó, wọ́n sì tì í mọ́lé. Wọ́n fi òmìnira lọ̀ ọ́, bó bá lè gbàgbé ìbò náà. Ó kọ̀. Wọ́n yìnbọn pa Kúdírátù aya rẹ̀ ní June 4, 1996. Òun náà kú sí àtìmọ́lé ní July 7, 1998.

Àwọn kan á ní olówó ni, ó rọrùn fún un. Rárá o. Ẹni tó ní ilé ọlá tó lè padà sí ni àtìmọ́lé ń nira fún jù. Ohun tó dè é mọ́bẹ̀ ni pé ìbò náà kì í ṣe tirẹ̀ láti tà.

Irú ìṣòótọ́ báyìí kò mọ ààlà. Ní Illinois, l'Amẹ́ríkà, Mọ́ńdè àkọ́kọ́ nínú oṣù Ẹrẹ́nà jẹ́ ọjọ́ Casimir Pulaski, ọmọ Poland tó ran àwọn ará Amẹ́ríkà lọ́wọ́ nínú ogun òmìnira wọn, tó gbọgbẹ́ ní Savannah ní 1779, tó sì tibẹ̀ kú. Ibẹ̀ kì í ṣe ilé bàbá rẹ̀, síbẹ̀ kò sá lójú ogun.

Àwa ńkọ́? Ẹni tí a ní kó fẹ́ni lójú tó wá fi ata sẹ́nu, ọ̀dàlẹ̀ ni. Ọmọ tí wọ́n fi owó ẹja rán ní Igbókọ̀dá, tó bù ú jẹ lọ́nà. Akápò tó ná owó ẹgbẹ́. Àgbà tó ń pariwo June 12, tó tún ń gba owó "dìbò kí o sebẹ̀": gbogbo wọn ló ń ta ohun tí wọ́n fi sí wọn lọ́wọ́.

Ẹ̀yin òbí, kí ẹ tó rán ọmọ níṣẹ́ lọ́jọ́ ìsinmi náà, ẹ sọ ìtàn yìí fún un. Ẹ sì jẹ́ kó rí ìṣòótọ́ náà lọ́wọ́ yín lọ́jọ́ ìdìbò.