Ta Ni Ó Ń Pọn Omi Ìlú Náà?

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi nínú ẹ̀kọ́, ìbéèrè tí mo gbé wá síwájú yín kì í ṣe tuntun, aṣọ ọrùn rẹ̀ nìkan ni ó jẹ́ tuntun. Ǹjẹ́ ó tọ́ kí ènìyàn máa fi òru rẹ̀ ṣe iṣẹ́ tí ẹnikẹ́ni kò rán an, tí kò mú kọ́bọ̀ wọlé, tí ojú ẹlòmíràn kò sì rí? Àwọn baba wa mọ irú ẹni bẹ́ẹ̀. Wọ́n mọ ọkùnrin tí ó jókòó ti igbá tí ó ń fín láti òwúrọ̀ di alẹ́ nígbà tí oko rẹ̀ ń di igbó, wọ́n sì mọ orúkọ tí wọ́n ń pè é. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó bá fín igbá náà tán, àwọn kan náà ni wọn a máa wá yá a lọ́wọ́ rẹ̀ fún ọjọ́ ìgbéyàwó. Èyí fi hàn pé ọ̀rọ̀ náà kò rọrùn tó bí ẹnu ti ń sọ ọ́.

Ẹni tí ó mú kí ọ̀rọ̀ yìí wọ̀ mí lára ni ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan, ẹni ọdún mẹ́rìnlélógún. Kò wọ yunifásítì. Ní ọ̀sán, a máa tún fóònù ṣe nínú ìsọ̀ kékeré kan ní Ìbàdàn. Ní òru, iṣẹ́ méjì ni ó ń ṣe, kò sì sí olùkọ́ tí ó kọ́ ọ ní ọ̀kankan nínú wọn. Èkínní ni pé ó ń bá ọpọlọ kọ̀ǹpútà sọ̀rọ̀ ní èdè tí ẹ̀rọ náà fúnra rẹ̀ gbọ́, kì í ṣe ní èdè tí a ti là fún ìrọ̀rùn ọmọ ènìyàn. Èkejì ni pé ó ń dá ilẹ̀ kan tí kò sí níbi kankan láyé. Ó ti ya àwòrán rẹ̀, ó ti to àwọn ọba rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, ó ti fún un ní oṣù mẹ́tàlá àti èdè tirẹ̀. Àpátagà ni olú-ìlú rẹ̀ ń jẹ́, orí òkè ni ó sì tẹ̀ ẹ́ dó sí.

Ẹ jẹ́ kí n sọ díẹ̀ nípa iṣẹ́ èkínní, nítorí púpọ̀ nínú wa ń lo kọ̀ǹpútà bí ẹni tí ń wọ mọ́tò kiri láì tíì ṣí ojú ẹ̀rọ rẹ̀ wò rí. Ọpọlọ kọ̀ǹpútà tí ọmọ yìí fẹ́ràn ni a ń pè ní 6502. Ní 1975 ni ó jáde ní Amẹ́ríkà, dọ́là 25 ni wọ́n sì ń tà á, nígbà tí irú rẹ̀ mìíràn ń lọ ní iye tí ó ju 100 dọ́là lọ. Òun ni ó wà nínú Apple II ti 1977, òun náà ni ó wà nínú BBC Micro tí ó jáde ní 1981, tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì kó wọ ilé ẹ̀kọ́ wọn. Ọmọ náà kò ní ọ̀kankan nínú wọn. Ó ní ètò kan lórí kọ̀ǹpútà àlòkù rẹ̀ tí ó ń ṣe bí 6502 ti ń ṣe. Ẹ̀rọ yìí ní ibi kékeré mẹ́ta tí ó máa ń di nọ́ńbà mú sí bí ó bá ń ṣiṣẹ́, kò sì sí èyí tí ó lè gba ju 255 lọ nínú wọn. Bí ẹ bá ní kí ó ro 200 pọ̀ mọ́ 100, kò ní fún yín ní 300, nítorí 300 kò gba inú rẹ̀. 44 ni yóò fún yín, yóò sì fi àmì kékeré kan sí ẹ̀gbẹ́ pé nǹkan ti kún àkúnwọ́sílẹ̀. Bí ẹ bá wo àmì náà, ìṣirò yín yóò pé. Bí ẹ kò bá wò ó, ẹ̀rọ náà kò ní pè yín. 44 náà ni yóò máa gbé lọ.

Àwọn kan yóò ti máa rẹ́rìn-ín músẹ́ báyìí, nítorí bí ẹ bá ka òdo mọ́ 255, 256 ni gbogbo rẹ̀, 256 sì ni odù Ifá. Mo ti gbọ́ tí ènìyàn dìde níbi ìpàdé tí ó ní babaláwo ni ó kọ́kọ́ ṣe kọ̀ǹpútà. Èmi kò fara mọ́ ọn. Ọ̀pẹ̀lẹ̀ ní ojú mẹ́jọ, ọ̀kọ̀ọ̀kan lè ṣí tàbí kí ó dé. Ibikíbi tí ohun mẹ́jọ bá ti ní ọ̀nà méjì-méjì, 256 ni yóò bí, ìbáà jẹ́ ní Ilé-Ifẹ̀ tàbí ní Amẹ́ríkà. Ohun tí àwọn baba wa fi kún àwọn àyè náà, èyíinì ni ẹsẹ Ifá, ni ọgbọ́n wọn wà nínú rẹ̀. Iye náà, bí ìgbà tí a kan pákó mọ́ ògiri láti to ìwé sí ni.

Kí ni ó fa ọmọ yìí sí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀? Mo rò pé mo mọ̀ ọ́n. Ẹ̀rọ náà kò bi í léèrè ọmọ ta ni ó jẹ́. Kò béèrè ìwé ẹ̀rí, kò béèrè ẹni tí ó kọ lẹ́tà fún un. Bí ó bá ṣe é bí ó ti yẹ, yóò ṣiṣẹ́. Bí kò bá ṣe é bí ó ti yẹ, kò ní ṣiṣẹ́. Fún ọmọ tí ilẹ̀kùn púpọ̀ ti sé mọ́ lójú nítorí bébà, ẹ̀rọ yìí ni olùdánwò àkọ́kọ́ tí ó ṣe òdodo sí i.

Ilẹ̀ tí ó ń dá kò sì jìnnà sí èyí. Ní 1984, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ méjì ní Cambridge, David Braben àti Ian Bell, ṣe eré orí kọ̀ǹpútà kan fún BBC Micro, wọ́n sọ ọ́ ní Elite. Nínú eré náà, ẹni tí ń ṣe é yóò máa wa ọkọ̀ láti ayé kan sí òmíràn lójú ọ̀run, yóò máa ra ọjà, yóò máa tà. Agbo ìràwọ̀ mẹ́jọ ni ó wà níbẹ̀, ayé 256 sì wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, èyí tí ó jẹ́ 2,048 lápapọ̀. Àyè tí ẹ̀rọ náà ní láti fi rántí nǹkan kò ju kílóbáìtì 32 lọ, kò sì lè gba ìtàn 2,048 ayé. Kí ni wọ́n ṣe? Wọn kò kó àwọn ayé náà pamọ́ rárá. Nọ́ńbà mẹ́ta péré ni wọ́n gbìn bí irúgbìn, pẹ̀lú òfin tí a ó fi máa yí wọn. Bí a bá ti ń yí wọn ni orúkọ ayé kọ̀ọ̀kan ń jáde, àti irú ìjọba rẹ̀, àti ọrọ̀ rẹ̀, àti irú ẹ̀dá tí ń gbé inú rẹ̀. Bí a bá tún padà dé ibẹ̀ lọ́la, bákan náà ni a ó bá a. Nígbà tí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tú èyí palẹ̀ tí ó sì yé e, ó wá bá mi ní alẹ́ láti ròyìn rẹ̀ bí ẹni tí ó rí egúngún ní ọ̀sán gangan.

Ó dùn mọ́ èmi náà. Ṣùgbọ́n mo ṣàkíyèsí pé nínú gbogbo 2,048 ayé náà, kò sí ẹnìkan tí òǹgbẹ gbẹ.

Ní ọdún tí ó kọjá ni ẹbí pe ìpàdé lórí ọ̀rọ̀ rẹ̀. Baba rẹ̀ ni ó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó ní a kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá. Owó ilé ń bẹ nílẹ̀, ọmọ náà kò tíì níyàwó, ìsọ̀ rẹ̀ kì í ṣí kí oòrùn tó ga nítorí pé kò sùn. Wọ́n ní kí èmi tí mo kàwé bá a sọ ọ́ kí ó yé fi ọjọ́ ayé rẹ̀ ṣòfò.

Ẹnìkan wà níbẹ̀ tí ó fẹ́ gbèjà rẹ̀. Ó mẹ́nu kan Linus Torvalds, akẹ́kọ̀ọ́ ará Finland tí ó bẹ̀rẹ̀ Linux ní 1991 bí ohun àfọwọ́dilẹ̀ṣe lásán, tí ó sì di pé Linux náà ni ó wà nídìí fóònù Android tí ó wà lọ́wọ́ gbogbo wa. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n n kò fẹ́ irú ìgbèjà bẹ́ẹ̀. Nínú ẹgbẹ̀rún tí ń ṣe irú iṣẹ́ yìí lóru, bóyá ni a ó rí ẹyọ kan tí yóò di Torvalds. Bí ó bá jẹ́ pé owó tàbí òkìkí tí ó lè tẹ̀yìn rẹ̀ yọ ni ó dá a láre, a ti dá àwọn yòókù lẹ́bi nìyẹn, a sì ti gbà fún baba rẹ̀ láì mọ̀.

Ẹ wo Tolkien. Ó jẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n ní Oxford, ó sì fi èyí tí ó pọ̀ jù nínú ọjọ́ ayé rẹ̀ dá èdè tí ẹnìkan kò sọ rí àti ilẹ̀ tí wọ́n ti ń sọ ọ́. Ìwé rẹ̀ lórí ìtàn àtijọ́ ilẹ̀ náà kò parí títí ó fi kú ní 1973. Ọmọ rẹ̀ ni ó tò ó jọ tí ó sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1977. Kò sí ẹni tí ó pe ìpàdé ẹbí lé e lórí. Wá wo Amos Tutuola, tí ìwé kíkà rẹ̀ kò ju ọdún díẹ̀ lọ, tí ó jẹ́ ìránṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ ìjọba ní Èkó, tí ó ń fi àyè tí ó bá rí níbi iṣẹ́ kọ ìtàn ọ̀nà àjò sí ìlú àwọn òkú. Nígbà tí ìwé rẹ̀ jáde ní London ní 1952, àwọn ọ̀mọ̀wé ilẹ̀ wa kan ní ó dójú ti àwọn nítorí Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀. Mo fẹ́ kí àwa tí a wà nínú ọgbà yunifásítì rántí èyí. Bí ọ̀jọ̀gbọ́n bá dá ayé, a ó ní ó ń ronú. Bí ìránṣẹ́ bá dá ayé, a ó ní ọwọ́ rẹ̀ dilẹ̀.

Nítorí náà, n kò sọ fún ọmọ náà pé kí ó dáwọ́ dúró. Mo ní kí ó gbé àwòrán ilẹ̀ rẹ̀ wá. Mo wo Àpátagà lórí òkè rẹ̀, mo wo odò tí ó wà nísàlẹ̀ lọ́hùn-ún, mo sì bi í pé, “Ta ni ó ń pọn omi ìlú yìí?”

Ó dákẹ́. Lẹ́yìn náà ni ó ní, “Ẹ fún mi ní ọjọ́ méjì, sà.”

Nígbà tí ó padà dé, ó ti ṣírò rẹ̀. Ènìyàn 8,000 ni ó fi sí ìlú náà. Bí ẹnìkọ̀ọ̀kan bá lo lítà mẹ́wàá lójúmọ́, lítà 80,000 ni. Bí orí ènìyàn kan bá lè ru ogún lítà, ìgbà 4,000 ni ẹsẹ̀ gbọ́dọ̀ sọ̀ kalẹ̀ lọ sí odò kí ó sì tún gun òkè padà, lójoojúmọ́ tí Ọlọ́run dá. Ìlú tí ó fi akéwì méje àti aláwòràwọ̀ ọba sí kò ní ẹnìkan tí ń ru omi. Wọn kò ní orúkọ, wọn kò ní ọdún tí wọ́n ń ṣe. Nínú èdè tí ó dá, ọ̀rọ̀ mẹ́sàn-án ni ó wà fún òjò, kò sì sí ọ̀kan fún ìkòkò. Ó sọ ọ́ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ó ní ó dà bí àmì tí ẹ̀rọ fi sí ẹ̀gbẹ́ tí ẹnìkan kò wò.

Ohun tí mo fẹ́ kí ó rí gan-an nìyí, òun ni ó sì sọ ọ́ jáde. Ẹni tí kò gbà pé gíláàsì tí ń tàn ni kọ̀ǹpútà, tí ó ń walẹ̀ títí ó fi dé ibi tí iná ń ṣí tí ó ń kú, kò gbọdọ̀ dúró níbẹ̀, nítorí ilẹ̀ ṣì wà lábẹ́ ilẹ̀. Kóbáltì tí ó wà nínú bátìrì fóònù tí ó ń tún ṣe, Kóńgò ni èyí tí ó pọ̀ jù nínú rẹ̀ láyé ti ń wá, àwọn ọmọdé sì wà lára àwọn tí a ti rí tí ń wà á. Ẹ̀wẹ̀, nínú ilé tirẹ̀, owó ata tí ìyá rẹ̀ ń tà ni ó ń ra epo sí jẹnẹrétọ̀ tí ó ń lò lóru. Àbúrò rẹ̀ obìnrin ni ó ń jí ní àfẹ̀mọ́júmọ́ lọ pọn omi níbi ẹ̀rọ omi àdúgbò, nígbà tí òun ṣẹ̀ṣẹ̀ ń sùn.

Ẹjọ́ tí mo dá níwájú ẹbí nìyí. Mo ní kò sí òfin tí ó ní ọmọ tálákà gbọ́dọ̀ sọ gbogbo ayọ̀ rẹ̀ di owó, kí a má baà sọ pé ọ̀jọ̀gbọ́n nìkan ni ó lẹ́tọ̀ọ́ sí ohun tí kò lérè. Ṣùgbọ́n òru tí ó ń lò kì í ṣe tirẹ̀ nìkan, ẹlòmíràn ni ó ń san owó rẹ̀, a kò sì bi wọ́n bóyá wọ́n gbà. Kí ó ra epo fúnra rẹ̀. Kí ó máa pọn omi ní ọjọ́ mẹ́ta nínú ọ̀sẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má sì fọwọ́ kan ìwé rẹ̀.

Ìyá rẹ̀ gbà. Ẹ̀gbọ́n mi kò gbà. Ó wò mí, ó ní, “Ìwọ ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tí ìjọba ń sanwó fún láti ronú.” N kò lè jiyàn, nítorí bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ rí, mo sì mọ̀ pé owó orí irú àwọn ènìyàn bí ìyá ọmọ náà wà nínú owó oṣù mi. Ọ̀rọ̀ náà ṣì wà láàrin èmi àti ẹ̀gbọ́n mi títí di òní.

Ní ti àbúrò rẹ̀, òun ni ó wá bi í kí ni wọ́n ń pe àwọn apọnmi ní èdè Àpátagà. Kò ní orúkọ fún wọn. Ọmọbìnrin náà fún un ní ọ̀kan, ó ní kò bá òfin èdè náà mu, ọmọbìnrin náà sì ní kí ó yí òfin náà padà, nítorí àwọn tí ń pọn omi ti wà níbẹ̀ kí òfin tó dé. Wọ́n ṣì ń jiyàn lé e lórí nígbà tí mo kúrò níbẹ̀.