Èèwọ̀ igbó tó ń di yìnyín mú



Ọ̀dọ́mọkùnrin kan bi mí lọ́jọ́ díẹ̀ sẹ́yìn pé, "Bàbá, àwọn èèwọ̀ yìí, ṣé kì í ṣe pé àwọn àgbà kàn fi ń dẹ́rù bà wá ni?" Mo ní kó jókòó. Ó rò pé ìtàn Ifẹ̀ tàbí Ọ̀yọ́ ni mo fẹ́ sọ. Swítsàlandì ni mo gbé e lọ, torí mo mọ̀ pé bí mo bá mú ti ilé wá, á ní iṣẹ́ mi ni mò ń gbèjà.

Ìlú kékeré kan wà láàárín àwọn òkè Alps níbẹ̀, Andermatt lorúkọ rẹ̀. Lákòókò òtútù, yìnyín máa ń rọ̀ ṣáá níbẹ̀. Kì í ṣe yìnyín tiwa tó ń ró gbà-gbà lórí páànù o. Èyí fúyẹ́ bí òwú, ó ń rọra balẹ̀, ó sì ń kó jọ títí á fi ga ju ènìyàn lọ. Bó bá kó jọ sí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè, ọjọ́ kan á ya. Bó bá sì ti ya, ilé, màlúù, ènìyàn, gbogbo rẹ̀ ló ń bò mọ́lẹ̀.

Àwọn òkè tó yí ìlú náà ká ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pá tán, àfi igbó kan tó kù lókè orí ìlú. Ní ọdún 1397, àwọn ará ibẹ̀ fi òfin lélẹ̀ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gé igi nínú rẹ̀. Ẹ rò ó wò ná. Òtútù tó ń pa ènìyàn, igi ìdáná wà lókè orí ilé yín, ẹ ò sì gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án, nítorí ọmọ tí a ò tíì bí. Èèwọ̀ lèmi pe ìyẹn. Ẹni tó bá fẹ́ pè é ní òfin, kó máa pè é bẹ́ẹ̀.

Kí wá ni igi ń ṣe gan-an? Púpọ̀ nínú àwọn igi ibẹ̀ ní ewé bí abẹ́rẹ́, wọn kì í sì í wọ́wé lákòókò òtútù. Ẹ̀ka wọn ń gba yìnyín sílẹ̀, ó ń já bọ́ ní ìṣù-ìṣù, kò sì ní lè tẹ́ pẹrẹsẹ lórí ara wọn bí ẹní tó lè yọ̀. Ìtí igi náà dúró bí èèkàn. Ṣùgbọ́n igi kan kì í dá igbó ṣe, igbó náà kì í sì í dá gbogbo ìlú gbà. Bí yìnyín bá ti ya láti òkè téńté níbi tí igi kì í hù, á ṣẹ́ igi bí ẹni ṣẹ́ ìgbálẹ̀ ni. Ní oṣù kìíní ọdún 1951, yìnyín pa ènìyàn 13 ní Andermatt.

Yìnyín náà sì ń ṣe igbó, ẹ má gbàgbé. Ojú ọ̀nà tó bá ń gbà kọjá léraléra, igi ńlá ò ní lè dúró níbẹ̀. Àwọn igi kéékèèké tó ń tẹ̀ láì ṣẹ́ ló ń gbé ibẹ̀, pẹ̀lú koríko àti òdòdó tó fẹ́ràn oòrùn, ẹranko á sì wá jẹun. Bí yìnyín ò bá ya fún ọdún 40 tàbí 50, igi ńlá á padà wá. Èyí tó bá ya lẹ́yìn náà, bó bá lágbára, á kó ìtí igi mọ́ra, á sì tún burú sí i. Igi tó bá fara gbọgbẹ́ tí kò kú, àpá rẹ̀ ń wà nínú òrùka tí igi fi ń ka ọdún rẹ̀. Àwọn onímọ̀ ń ka òrùka wọ̀nyí, wọ́n á sì sọ ọdún tí yìnyín ya gan-an. Olùkọ́ wa kan ní yunifásítì máa ń sọ pé níbi tí ìwé ò sí, ìtàn ò sí. Ó yẹ kó rí irú igi bẹ́ẹ̀.

Ní báyìí ayé ń móoru. Nísàlẹ̀, yìnyín ń dín kù, òjò ń rọ̀ lé èyí tó wà, ó ń wúwo. Lókè, igi ń gòkè díẹ̀díẹ̀, pàápàá níbi tí àwọn darandaran ti pa pápá tì. Ìyẹn dùn létí. Ṣùgbọ́n ọ̀dá ń mú igi, kòkòrò tó ń gbé abẹ́ èèpo ń pa wọ́n, ìjì sì ń wó wọn. Ní ìparí oṣù kẹwàá ọdún 2018, ìjì tí wọ́n sọ ní Vaia wó igbó rẹpẹtẹ ní àríwá Ítálì, kòkòrò sì tẹ̀lé e. Bí wọ́n bá fi ìtí tó wó sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, á ṣì máa di yìnyín mú fún ọdún mélòó kan títí á fi jẹrà. Ṣé igi tuntun á ti ga ju yìnyín lọ kó tó jẹrà? Eré ìje nìyẹn.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti kan èèwọ̀ nìyí. "Má gé e" tó ní 1397. Kò tó mọ́. Igbó tí a ò fọwọ́ kàn fún ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún, igi rẹ̀ lè jọ darúgbó pọ̀. Ewúrẹ́ àti àgbọ̀nrín ń jẹ ọmọ igi. Ọjọ́ tí ìjì bá dé, gbogbo wọn á jọ wó. Nítorí náà, àwọn olùtọ́jú igbó ń mọ̀ọ́mọ̀ gé díẹ̀ nínú irú igbó bẹ́ẹ̀, kí ìmọ́lẹ̀ lè kan ilẹ̀, kí igi tuntun lè hù. Ohun tí àwọn baba wọn kà léèwọ̀ ni wọ́n ń ṣe yẹn, nítorí ohun tí àwọn baba wọn ń dáàbò bò. Ṣé wọ́n ba èèwọ̀ jẹ́? Èmi ní rárá. Ẹni tó di ọ̀rọ̀ èèwọ̀ mú, tó wá jẹ́ kí igbó kú, òun ló bà á jẹ́.

Mo mọ̀ pé àwọn àgbà kan á bá mi jà lórí èyí. Wọ́n á ní olè agégẹdú náà lè sọ pé òun ń gé e kó lè yè ni. Òótọ́ ni. Swítsàlandì fúnra wọn gé igbó òkè fún gẹdú àti èédú títí tí omíyalé ọdún 1868 fi dé, kí ìjọba tó ṣòfin ní 1876 pé igbó òkè kò gbọdọ̀ dín kù. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń bi ẹni tó bá fẹ́ yí èèwọ̀ padà pé: ta ni èrè rẹ̀ á kàn? Igi tí wọ́n gbìn lónìí lórí òkè yẹn, ẹni tó gbìn ín á ti darúgbó kó tó lè di yìnyín mú dáadáa.

Ọmọkùnrin náà dákẹ́ díẹ̀. Ó ní, "Bàbá, bí ayé bá wá móoru títí tí yìnyín ò rọ̀ mọ́ ńkọ́? Ṣé wọ́n á gé igbó náà?" Mo ní òkúta ṣì ń já láti orí òkè, ilẹ̀ sì ń ya bí òjò bá pọ̀, igi kan náà ló ń dì wọ́n mú. Ó ní òun á ṣì rò ó. Mo ní kó rò ó, kó padà wá.