Ohun Tí A Kọ́ Wọn Lọ́sẹ̀ Yìí

 

Akọ̀wé ìdàpọ̀ ló ní kí n kọ díẹ̀ nípa ohun tí àwọn ọmọ wa ń kọ́ ní kíláàsì lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, kí àwọn ìyá lè mọ ohun tí wọn yóò máa béèrè nílé. Ó rò pé iṣẹ́ tó rọrùn ni fún ẹni tó ti fi ọdún 35 ṣe tíṣà. Èmi náà rò bẹ́ẹ̀, àfi ìgbà tí mo gbé bírò. Ìbéèrè kan wà nídìí ọ̀rọ̀ yìí tó ti ń dà mí lọ́kàn rú láti ìgbà díẹ̀, òun ni mo fẹ́ kí a jọ gbé yẹ̀wò.

Ẹni tó bá ti ṣe tíṣà rí mọ ìwé tí à ń pè ní díáríì. Ìjọba á ti pín ẹ̀kọ́ gbogbo sáà sí ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Bí ìṣirò ọ̀sẹ̀ yìí bá jẹ́ àyọkúrò, ti ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ lè jẹ́ ìdá, kí ti ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e jẹ́ owó níná. Tíṣà á da gbogbo rẹ̀ kọ sínú díáríì. Tó bá di ọjọ́ Ẹtì, á kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan pé, "A ti ṣe é," á kó ìwé náà lọ sọ́dọ̀ ọ̀gá ilé-ìwé, ọ̀gá á fi bírò pupa fọwọ́ sí i. Bí àwọn alábẹ̀wò bá dé, díáríì ni wọ́n kọ́kọ́ máa ń béèrè. Èmi kò fi ọ̀sẹ̀ kan sílẹ̀ láìkọ rí. Wọ́n a máa fi díáríì mi han àwọn tíṣà tuntun pé kí wọ́n wá wo bí a ṣe ń ṣe é.

Lẹ́yìn tí mo fẹ̀yìn tì, obìnrin kan wá kan ilẹ̀kùn mi ní alẹ́ ọjọ́ kan. Ó pọn ọmọ, ó mú ìgò oògùn olómi dání. Wọ́n ti ṣàlàyé fún un níbi tó ti gbà á, ṣùgbọ́n jìnnìjìnnì àìsàn ọmọ kò jẹ́ kó gbọ́ tán. Wọ́n sì kọ ọ́ sára páálí: ½ ṣíbí, ní àárọ̀, ní ọ̀sán àti ní alẹ́. Kò lè ka ọ̀rọ̀ tó wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ó mọ ení, ó mọ èjì. Ó rí 1, ó rí 2 lábẹ́ rẹ̀. Ó fún ọmọ ní ṣíbí kan láàárọ̀, ó fún un ní méjì lọ́sàn-án. Ọmọ ń bì, gbogbo ara rẹ̀ ti rọ. Ó wá ń bi mí pé, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wò ó, ṣé méjì náà ni ti alẹ́?" Ọ̀kadà ló gbé wa padà lọ síbi ìtọ́jú lóru náà. Ọlọ́run ṣàánú, ọmọ yè, ó ti ń sáré kiri báyìí.

Níbi tí a jókòó sí títí ilẹ̀ fi mọ́ ni obìnrin náà ti sọ fún mi pé, "Ẹ ò dá mi mọ̀ ni, mà. Mo wà ní kíláàsì yín ní Pírámárì Kẹta." Mo wojú rẹ̀, mo dá a mọ̀. Ẹ̀yìn ló máa ń jókòó sí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, kì í pariwo. Ó ní, "Ẹ kọ́ wa dáadáa o. Èmi ni orí mi kò gbé e."

N kò nílò kí n lọ wá díáríì ọdún náà. Mo mọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Ìdá: a ti ṣe é.

Ìbéèrè mi nìyí: ṣé irọ́ ni mo kọ?

Ẹni tó bá fẹ́ gbè mí lẹ́yìn á ní kì í ṣe irọ́. Mo wọ kíláàsì, mo ya róbótó sára pátákó, mo pín in sí méjì, mo pín in sí mẹ́rin, mo fún wọn níṣẹ́ ṣe, mo sì mákì í. Gbogbo èyí ṣẹlẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo èdè wa. Ọ̀rọ̀ kan náà, kọ́, ni a fi ń sọ ohun tí tíṣà ṣe àti ohun tí ọmọ ṣe. Tíṣà kọ́ ọmọ, ọmọ kọ́ ìwé. Èdè Gẹ̀ẹ́sì fi ọ̀rọ̀ méjì sọ ọ́, tó fi jẹ́ pé ọ̀kan lè parí kí èkejì má tíì bẹ̀rẹ̀. Nínú bí a ṣe ń kọ́ni níṣẹ́ nílé wa, a kì í yà wọ́n. Ìyá tó ń kọ́ ọmọbìnrin rẹ̀ ní iyán gígún kì í sọ pé òun ti kọ́ ọ tán nítorí pé òun gún un lójú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ọmọ á gún un, ìyá á fọwọ́ tẹ̀ ẹ́ wò. Bí kókó bá wà níbẹ̀, kò tíì kọ́ ọ tán nìyẹn, ó di ọ̀la. (Ní Èkìtì níbí, ta ni yóò gbà kí a gbé iyán oníkókó síwájú àlejò?) Aránṣọ tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ kì í fún ọmọṣẹ́ ní fíríìdọ́ọ̀mù nítorí pé ọdún mẹ́ta pé, tí kò bá tíì lè gé aṣọ. Nínú ilé-ìwé ni a ti ń wo kàlẹ́ńdà dípò kí a wo ọwọ́ ọmọ.

Síbẹ̀, ẹ jẹ́ kí n sọ ti apá kejì, nítorí pé ó lágbára. Ọmọ 43 ló wà ní kíláàsì mi lọ́dún náà. Ọ̀rẹ́ mi kan tí a jọ ń ṣiṣẹ́ a máa sọ pé, ẹni tó bá dá ọmọ 40 dúró nítorí ọmọ mẹ́ta, ó ti ja 40 lólè. Òótọ́ ló sọ. Èrò inú kíláàsì kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ òní. Ọjọ́ 17 oṣù Kìíní ọdún 1955 ni ìjọba Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ sọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ di ọ̀fẹ́ ní Ẹkùn Ìwọ̀ Oòrùn. Iye ọmọ tó wà nílé-ìwé fò láti nǹkan bí 457,000 ní ọdún 1954 sí ohun tó lé ní 811,000 lọ́dún náà. Èmi kò ní bú ètò náà láé. Bí kò bá sí i, púpọ̀ nínú wa tó ń ka ìwé yìí kì bá tí lè kà á. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń fún èrò lóúnjẹ gbọ́dọ̀ ní ọ̀nà tí yóò fi mọ ẹni tí oúnjẹ kò kàn.

Nínú ìwàásù, a máa ń gbọ́ ti olùṣọ́-àgùntàn tó fi 99 sílẹ̀ tó lọ wá ẹyọ kan. Mo fẹ́ràn ìtàn náà, ṣùgbọ́n ojú tíṣà ni mo fi ń wò ó: ta ló dúró ti 99 nígbà tó lọ? Mo ti bi oníwàásù kan rí, ó kàn rẹ́rìn-ín ni. Ohun tí mo wá rí nínú rẹ̀ lẹ́yìn-ọ-rẹyìn ni pé ọkùnrin náà kà wọ́n kó tó mọ̀ pé ó ku ọ̀kan. Ká ní díáríì ló ń kọ ni, ì bá ti kọ ọ́ pé, "Àgùntàn: a ti dà wọ́n wálé."

Ìyá kan wà tí gbogbo wa nínú ìjọ Mẹ́tọ́díìsì mọ orúkọ rẹ̀, Susanna Wesley, ìyá John àti Charles. Tíṣà tó jù mí lọ ni, bó tilẹ̀ jẹ́ pé inú ilé rẹ̀ ní Epworth ló ti ṣe é. Ọmọ 19 ló bí, 10 ló dàgbà. Ní ọdún 1732 ó kọ̀wé sí John láti ṣàlàyé bí òun ṣe kọ́ wọn. Bí ọmọ bá ti pé ọdún márùn-ún, ọjọ́ kan ló máa ń fún un láti mọ gbogbo lẹ́tà. Gbogbo wọn mọ̀ ọ́n ní ọjọ́ kan yẹn, àyàfi méjì, Mary àti Anne, tí wọ́n lo ọjọ́ kan àti ààbọ̀. Susanna jẹ́wọ́ pé olódo lòun kà wọ́n sí nígbà náà, àfi ìgbà tí òun rí bó ṣe ń pẹ́ ọmọ àwọn ẹlòmíràn tó ni òun yí èrò òun padà. Ẹ dúró wò ó o. Ààbọ̀ ọjọ́ péré ló sọ ọmọ méjì di olódo lójú ìyá tó bí wọn! Ká ní ó ti pa ìwé dé nírọ̀lẹ́ ọjọ́ àkọ́kọ́ ńkọ́?

Ó tún ní ìrọ̀lẹ́ kan nínú ọ̀sẹ̀ tí yóò bá ọmọ jókòó, òun àti ọmọ náà nìkan. Ọjọ́bọ̀ ni ti John, Sátidé ni ti Charles. John dàgbà tán, ó ti di olùkọ́ ní Oxford, síbẹ̀ ó kọ̀wé sí ìyá rẹ̀ pé ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀ yẹn ṣì ń wu òun. Mo máa ń rò ó pé ibẹ̀ ló ti mú ohun tó di kíláàsì ìjọ wa. Ní Bristol, ní oṣù Kejì ọdún 1742, gbèsè ilé ìjọsìn ni wọ́n fẹ́ san. Wọ́n pín ìjọ sí méjìlá-méjìlá, kí olórí kan máa lọ bá ẹnì kọ̀ọ̀kan lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ gba pẹ́nì kan. Owó ni wọ́n bá dé ilé onílé, wọ́n bá rí bí ayé ẹnì kọ̀ọ̀kan ṣe rí. Olórí kíláàsì kì í béèrè pé ṣé kíláàsì wà dáadáa. Orúkọ ló fi ń pè wọ́n.

Ìgbà mìíràn wà tí ọmọ kò gbọ́, tí kì í ṣe ọ̀rọ̀ èrò rárá, èdè ló fà á. Ìdá tí mo kọ́ wọn yẹn, Gẹ̀ẹ́sì ni mo fi kọ́ ọ. Mo ń pariwo "wọ́n ófà tù," àwọn náà ń gbè é bí orin. Bẹ́ẹ̀ kò sí ọmọ kan níbẹ̀ tí kò mọ obì. Obì abàtà aláwẹ́ mẹ́rin, bí a bá yọ awẹ́ kan, mélòó ló kù? Ọmọ tí kò tíì wọ ilé-ìwé á dá yín lóhùn. Èmi kò mú obì kankan lọ sí kíláàsì. Ní ọdún 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ìdánwò kan ní ilé-ìwé St. Stephen's 'A' ní Modákẹ́kẹ́. Yorùbá ni wọ́n fi kọ́ àwọn ọmọ ní gbogbo iṣẹ́ fún ọdún mẹ́fà, Gẹ̀ẹ́sì sì jẹ́ iṣẹ́ kan lọ́tọ̀ tí tíṣà tó mọ̀ ọ́n dáadáa ń kọ́ wọn. Nígbà tí wọ́n fi wọ́n wé àwọn tó gba ọ̀nà àtijọ́, àwọn ọmọ yìí ló ṣe dáadáa jù, wọn kò sì rẹ̀yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì pàápàá. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2022, ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí i pé kí a máa fi èdè abínibí kọ́ ọmọ ní gbogbo pírámárì. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2025, wọ́n wọ́gi lé e. N kò sí nípò ẹni tó ń bá mínísítà jà, ṣùgbọ́n obì ṣì wà lọ́jà Ìlógbò.

Kí ẹ má sì rò pé Yorùbá inú ìwé rọrùn fún ọmọ tiwa. Nílé, ulé ni, uṣu ni, uṣẹ́ ni. Nílé-ìwé, ilé ni, iṣu ni, iṣẹ́ ni. Iye ulé ọmọ tí mo ti fa igi pupa sí kọjá ohun tí mo lè kà.

Kí ni mo wá rò? N kò rò pé ẹ̀ṣẹ̀ ni kí tíṣà tẹ̀ síwájú. Ó gbọ́dọ̀ tẹ̀ síwájú. Ẹ̀ṣẹ̀ náà wà nínú "a ti ṣe é," nítorí pé ọ̀rọ̀ náà pa ìwé gbèsè dé. Bí tíṣà bá ti kọ ọ́ pé òun ti san tòun, ọmọ nìkan ló kù tó jẹ gbèsè, òun náà á sì gbà bẹ́ẹ̀. Obìnrin yẹn gbé e rù fún ohun tó lé ní ogún ọdún. Ó gbé e dé ilé mi lóru, ó sì ń dúpẹ́ lọ́wọ́ mi pé mo kọ́ òun dáadáa. Bí mo bá tún padà sí kíláàsì lónìí, n ó fi ojú-ìwé ẹ̀yìn díáríì sílẹ̀ fún orúkọ: ẹni tí kò tíì gbọ́, àti ohun tí kò tíì gbọ́. Alábẹ̀wò lè má fẹ́ràn rẹ̀.

Ẹ̀yin ìyá, n ò gbàgbé pé akọ̀wé ní kí n sọ ohun tí ẹ ó máa béèrè. Bí ẹ bá bi ọmọ lọ́jọ́ Ẹtì pé kí ni wọ́n kọ́ ọ lọ́sẹ̀ yìí, díáríì ni yóò kà fún yín: ìdá, ọ̀rọ̀-orúkọ, ìmọ́tótó. Ẹ ní kó ṣe é lójú yín. Kó pín búrẹ́dì sí mẹ́rin, kó fún àbúrò rẹ̀ ní ìdá mẹ́ta níbẹ̀. Kó ka ohun tó wà lára páálí ọṣẹ. Ìyá tí kò kàwé náà lè ṣe èyí. Bí ọmọ bá ń wo ojú yín dípò kó wo páálí, ẹ ti mọ ìdáhùn. Ẹ má nà án. Ẹ lọ bá tíṣà rẹ̀ lọ́jọ́ Ajé, ẹ sọ ibi tó kù sí fún un. Ẹ má lọ bá a jà o. Èrò pọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, kò rí tiyín ni.

Obìnrin tí mo sọ yẹn ń wá sílé mi báyìí ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀. Kì í ṣe nítorí ti John Wesley, ọjọ́ tó máa ń ráyè ni. A bẹ̀rẹ̀ láti a, b, d. Ọ̀sẹ̀ kẹta rèé tí a ti wà lórí gb, nítorí pé bó bá ti rí g, kì í dúró wo b tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó tú etí ìró rẹ̀, ó mú obì kan jáde, ó là á, ó gbé awẹ́ kan lé mi lọ́wọ́, ó ní, "Mà, báwo ni wọ́n ṣe ń kọ èyí?" Mo kọ ọ́ fún un: ¼. Ó ní kí n tún un kọ. Lẹ́yìn náà ó gba bírò lọ́wọ́ mi. A ó padà sórí gb ní Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀.