Àdán àti Òòbẹ̀

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní, bí a kò bá rí àdán, à fi òòbẹ̀ ṣẹbọ. Wọ́n tún ní, bí iná bá kú, a fi eérú bojú. Bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ bá kú, a fi ọmọ rẹ̀ rọ́pò. Láti kékeré ni a ti ń gbọ́ òwe méjèèjì yìí, a sì gbà pé ohun kan náà ni wọ́n ń wí: pé kò sí ohun tí ó lọ tí a kò lè rí òmíràn fi dípò rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan wà nínú wọn tí a kì í sáábà bi ara wa. Nígbà tí a bá gbé òòbẹ̀ síwájú òrìṣà, kí ni kí a pè é? Ṣé òòbẹ̀ ni, tàbí àdán? Ọ̀ràn tábà ni ó mú mi ronú sí i. Bí àpẹẹrẹ náà bá kéré lójú yín, ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ fara dà á fún mi díẹ̀.

Mo ní ẹ̀gbọ́n bàbá kan, olùkọ́ tí ó ti fẹ̀yìn tì, tí gbogbo wa ń pè ní Bàbá. Ìkòkò tábà ni wọ́n ń mu. Lọ́ńdọ̀nù ni wọ́n ti kọ́ ọ nígbà tí wọ́n ń kàwé níbẹ̀, láti ìgbà náà ni ó sì ti jẹ́ pé irú tábà kan ṣoṣo ni wọ́n ń rà. N kò ní í dárúkọ rẹ̀. Ní ìrọ̀lẹ́, bí òórùn rẹ̀ bá ti gba ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan, àwa ọmọdé mọ̀ pé iṣẹ́ òòjọ́ ti parí, a lè lọ jókòó tì wọ́n fún àlọ́. Ní ọdún 2018 ni agolo tábà náà kò wá mọ́. Àwọn tí ń ṣe é ti dáwọ́ dúró.

Kí ẹni tí kò mọ̀ má baà rò pé ewé ni gbogbo ewé ń jẹ́, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Tábà inú ìkòkò kì í sáábà jẹ́ ewé kan. Àdàlù ni, bí àgbo. Virginia wà níbẹ̀, ewé tí ó máa ń dùn díẹ̀ lẹ́nu. Latakia wà níbẹ̀, èyí tí ó gba orúkọ rẹ̀ lára èbúté kan ní Síríà, tí wọ́n sì ń ṣe ní Kípírù pẹ̀lú: èéfín igi ni wọ́n fi ń yan án títí yóò fi dúdú. Perique wà níbẹ̀, ti agbègbè St. James ní Louisiana ní Amẹ́ríkà: inú àgbá ni wọ́n ń kì í sí, wọn a fi agbára tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, yóò sì máa kan nínú omi ara rẹ̀ fún oṣù púpọ̀, gẹ́gẹ́ bí ògì ti ń kan. Ìwọ̀n tí a fi po wọ́n pọ̀ ni àṣírí. Lẹ́yìn èyí, ọjọ́ orí tún kù. Agolo tí ó ti wà nípamọ́ fún ọdún mẹ́wàá kì í dùn bákan náà pẹ̀lú èyí tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ dì. Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà.

Níbo wáá ni tábà kan gbé jẹ́ ara rẹ̀? Ṣé nínú orúkọ ni, nínú ewé ni, tàbí nínú ọwọ́ tí ó pò ó? Ẹ wo Three Nuns. J. & F. Bell ti Glasgow ni ó ń ṣe é nígbà kan, perique sì wà nínú rẹ̀. Nígbà tí ó yá, ó di ohun tí wọ́n ń ṣe ní Dẹ́ńmáàkì, wọ́n yọ perique kúrò, wọ́n fi ewé Kentucky dípò rẹ̀. Orúkọ dúró, inú yí padà. Ẹ tún wo òdìkejì rẹ̀. Alfred Dunhill ṣí ṣọ́ọ̀bù tábà kan ní òpópó Duke ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1907. Oníbàárà yóò wọlé, yóò sọ bí ó ti fẹ́ kí a po tirẹ̀, wọn a kọ ọ́ sínú ìwé, wọn a fún un ní nọ́ńbà. Inú ìwé yẹn ni My Mixture 965 ti jáde. Ohun tí a pò fún ẹnì kan ṣoṣo di ti gbogbo ayé. Ní ọdún 2018, tábà ìkòkò Dunhill kúrò lọ́jà. Nígbà tí ó di ọdún 2019, 965 tún padà, ṣùgbọ́n Peterson ni wọ́n kọ sára agolo rẹ̀, ọwọ́ tí ó sì ti ń ṣe é ní Dẹ́ńmáàkì tẹ́lẹ̀ náà ni ó ṣì ń ṣe é. Orúkọ lọ, ọwọ́ dúró. Ní ọdún 2018 yìí kan náà ni McClelland ti Kansas City, tí òkìkí rẹ̀ kàn nítorí Virginia pupa, ti ilẹ̀kùn rẹ̀. Ara ohun tí wọ́n wí ni pé irú ewé tí iṣẹ́ wọn ń fẹ́ ti wọ́n. Ọwọ́ wà, orúkọ wà, ewé kò sí. Nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kò sí èyí tí ó lè dá dúró.

Mo mọ gbogbo èyí, síbẹ̀ mo ṣe ohun tí mo fẹ́ jẹ́wọ́ yìí. Ẹ̀gbọ́n mi tí ń gbé ní Lọ́ńdọ̀nù fi tábà kan ránṣẹ́, èyí tí ẹni tí ó tà á wí pé ó jọ ti àtijọ́. Mo rò pé bí Bàbá bá rí orúkọ tuntun lára agolo, wọn kò ní í fẹ́ ẹ. Mo da tábà náà sínú agolo wọn àtijọ́ tí ó ti ṣófo, mo dé e, mo gbé e lọ, mo ní, “Bàbá, a tún rí ọ̀kan.” Wọ́n kì í sínú ìkòkò, wọ́n ṣáná sí i, wọ́n fà á lẹ́ẹ̀mẹta. Wọ́n ní, “O ṣeun, ọmọ mi. Ó dára.” Inú mi dùn. Oṣù mẹ́ta ni mo fi ń bu tuntun sínú àtijọ́ bẹ́ẹ̀.

Ẹnì kan lè bi mí pé, ta ni ó pàdánù nínú rẹ̀? Bàbá rí tábà mu, èmi rí ìdùnnú wọn. Ìdáhùn mi ni pé ohun mẹ́ta ni mo jí. Èkíní, mo jí ìpinnu wọn. Gbogbo wa ni a mọ̀ lónìí pé tábà ń fa àrùn jẹjẹrẹ ẹnu àti ti ọ̀nà ọ̀fun. Bóyá òpin tábà yẹn ni ìbá jẹ́ ọjọ́ tí Bàbá yóò wí pé, “Ó tó.” N kò wí pé wọn ìbá wí bẹ́ẹ̀, mo wí pé àwọn ni ó yẹ kí ó pinnu, mo sì bá wọn pinnu láìsọ fún wọn. Èkejì, mo jí òótọ́ tí ó wà láàárín wa. Ìgbàkígbà tí mo bá tún wí pé “a rí i,” kí ni ọ̀rọ̀ mi yóò tó?

Ẹ̀kẹta ni ó jọ mí lójú jù: mo jí iyì tábà tuntun náà. Ìtàn kan wà níhìn-ín tí ó kan ilẹ̀ wa. Ní nǹkan bí ọdún 1700 títí dé 1800 àti lẹ́yìn rẹ̀, tábà tí ó dára ní Bàhíà ní Bràsíl, Lisbon ni wọ́n ń kó o lọ. Ewé tí wọ́n kọ̀ sílẹ̀ níbẹ̀ ni wọ́n ń lọ́ bí okùn, tí wọ́n ń fi omi ìrèké tí ó ki pa lára, tí wọ́n sì ń kó wá sí etíkun wa, sí Ouidah, Àjàṣẹ́ àti Èkó. Àwọn ènìyàn etíkun fẹ́ràn rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn Òyìnbó orílẹ̀-èdè mìíràn kò rí ohun tí wọn ìbá fi dípò rẹ̀. Ohun tí a kọ̀ ní Lisbon di ààyò níhìn-ín, nítorí pé òun fúnra rẹ̀ ni a tọ́ wò, a kò bi í léèrè ẹni tí ó jọ. Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí a gbàgbé ohun tí a fi ń san owó rẹ̀: ènìyàn ni. Tábà ní arọ́pò. Ọmọ tí wọ́n fi tábà rà kò ní, títí di òní.

Ẹlòmíràn yóò ní, “Ṣé àwa Yorùbá kò ń sọ ọmọ ní Babátúndé? Ṣé èyí kì í ṣe pípe òòbẹ̀ ní àdán?” Rárá o. Gbogbo ẹni tí ó jókòó níbi ìsọmọlórúkọ ni ó mọ ibojì bàbá àgbà náà. Ìtùnú ni a ń fi orúkọ náà ṣe, a kò fi tan ẹnikẹ́ni, ọmọ náà sì tún ní orúkọ tirẹ̀ pẹ̀lú. Bẹ́ẹ̀ náà ni òwe ọ̀gẹ̀dẹ̀: ọmọ rẹ̀ ni ó pè é, kò pè é ní ìyá.

Nígbà tí ọkàn mi kò balẹ̀ mọ́, mo lọ dọ̀bálẹ̀, mo sọ gbogbo rẹ̀. Bàbá rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, “Láti ọjọ́ kìíní ni mo ti mọ̀.”

Mo ní, “Bàbá, kí ló dé tí ẹ kò wí?”

Wọ́n ní, “Ìwọ ni mo ń dúró dè. Tábà náà kò burú. Orúkọ tí o pè é ni kò dára.”

Wọ́n ní kí n mú agolo mìíràn wá. Wọ́n da tábà sínú rẹ̀, wọ́n ya bébà kékeré, wọ́n kọ Òòbẹ̀ sí i, wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn lára. Agolo àtijọ́, wọ́n fọ̀ ọ́, wọ́n fi fún ìyàwó wọn kí ó máa kó abẹ́rẹ́ àti òwú sí. Láti ọjọ́ náà, bí wọ́n bá fẹ́ mu tábà, wọn a ní kí n gbé Òòbẹ̀ wá. Bí wọn kò bá sì fẹ́, wọn a ní kí n jẹ́ kí Òòbẹ̀ sùn, ó sì ń sùn ju bí àdán ti ń sùn lọ.

Nítorí náà, ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ jẹ́ kí a máa wá arọ́pò, nítorí ayé kò lè ṣe é ṣe láìsí i. Ṣùgbọ́n ohun tí ó bá lọ, ẹ jẹ́ kí a gbà pé ó lọ. Èyí tí ó bá sì dé, ẹ jẹ́ kí a fi orúkọ rẹ̀ pè é.