Ṣé Ìwọ̀fà ni Akẹ́kọ̀ọ́ Tí Ó Yá Owó Ìjọba?

Yorùbá kì í fi gbèsè ṣeré. Láyé àtijọ́, bí onígbèsè bá kọ̀ tí kò san owó olówó, ológò ni wọn yóò rán sí i. Ológò yóò jókòó tì í lẹ́nu ọ̀nà, yóò máa pariwo, yóò máa bèèrè oúnjẹ, kò sì ní dìde títí owó yóò fi jáde. Àwọn Ìjẹ̀ṣà tí wọ́n ń ta aṣọ láwìn kiri ìlú gba orúkọ Òṣómàáló nítorí bí wọ́n ti ń lóṣòó ti ẹni tí ó jẹ wọ́n lówó. Síbẹ̀, Yorùbá kan náà ni ó ń dá èésú, tí ó ń yá owó ṣòwò, tí ó ń yá owó gbéyàwó, tí ó sì ń yá owó sìnkú. Èyí fi hàn pé gbèsè fúnra rẹ̀ kọ́ ni ẹ̀gàn, bí kò ṣe ohun tí a fi í ṣe àti ọ̀nà tí a gbà jáde nínú rẹ̀. Ojú yìí ni ó yẹ kí á fi wo ẹ̀yáwó tí Ìjọba Àpapọ̀ Nàìjíríà ń fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́.

Ní ọjọ́ 12 oṣù Kẹfà ọdún 2023 ni Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú fọwọ́ sí òfin ẹ̀yáwó náà. Òfin ìṣáájú yìí béèrè onígbọ̀wọ́, ó sì ka ọmọ ẹni tí owó tí ń wọlé fún ìdílé rẹ̀ bá tó ₦500,000 lọ́dún mọ́ àwọn tí kò lè rí i gbà. Ní ọjọ́ 3 oṣù Kẹrin ọdún 2024, òfin tuntun rọ́pò rẹ̀, ó sì mú ìdènà méjèèjì kúrò. Àjọ tí à ń pè ní NELFUND ni ó ń bójú tó o. Àjọ náà a máa san owó ilé-ẹ̀kọ́ sí àpò ilé-ẹ̀kọ́ gan-an, a sì máa fún akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá béèrè ní ₦20,000 lóṣù fún ìtọ́jú ara rẹ̀. Kò sí èlé lórí owó náà. Bí ọdún méjì bá ti kọjá lẹ́yìn tí ẹni náà parí iṣẹ́ àgùnbánirọ̀, ìdá kan nínú mẹ́wàá owó oṣù rẹ̀ ni a ó máa yọ.

Àwọn kan ń sọ pé ìwọ̀fà tuntun nìyí. Ọ̀rọ̀ náà wúwo, ó sì yẹ kí á tú u wò. Láyé ìwọ̀fà, ẹni tí ó bá yá owó a máa fi ara rẹ̀ tàbí ọmọ rẹ̀ sin olówó. Iṣẹ́ tí ìwọ̀fà ń ṣe lóko olówó, èlé ni. Kò dín owó ẹyọ kan kù nínú ojú owó. Nítorí náà ènìyàn lè sìn fún ọdún gbọọrọ kí gbèsè má sì yẹ̀ níbi tí ó wà. Èyí tí ó tún burú jù ni pé ọmọ tí kò mọ ohun tí baba rẹ̀ fi owó ṣe ni ó ń fi òógùn ojú sìn ín. Ẹ̀yáwó yìí kò rí bẹ́ẹ̀. Gbogbo ohun tí a bá san ni ó ń dín in kù, ẹni tí ó sì jẹ àǹfààní ẹ̀kọ́ náà ni ó ń san án. Kì í ṣe ìwọ̀fà.

Ṣùgbọ́n pé ohun kan kì í ṣe ìwọ̀fà kò ní kí ó fúyẹ́. Iye tí a kọ sínú ìwé owó ilé-ẹ̀kọ́ kọ́ ni gbogbo iye tí yunifásítì ń náni. Owó ilé wà níbẹ̀, owó ọkọ̀ wà níbẹ̀, owó ìwé náà wà níbẹ̀. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, ọjọ́ orí wà níbẹ̀. Ní ọdún 2020, àwọn olùkọ́ yunifásítì ìjọba yanṣẹ́ lódì láti oṣù Kẹta títí di oṣù Kejìlá. Ní ọdún 2022, láti ọjọ́ 14 oṣù Kejì sí ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá. Ẹni tí ó wọlé ní 2019 fún ẹ̀kọ́ ọdún mẹ́rin pàdánù ju ọdún kan lọ. Kò sí ìwé ẹ̀yáwó kankan tí a ń kọ irú àdánù bẹ́ẹ̀ sí.

Ẹ jẹ́ kí á fi àpẹẹrẹ ṣe ìṣirò. Bí owó ilé-ẹ̀kọ́ bá jẹ́ ₦150,000 lọ́dún, ọdún mẹ́rin yóò jẹ́ ₦600,000. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá gba ₦20,000 fún oṣù mẹ́wàá lọ́dọọdún, ìyẹn yóò jẹ́ ₦800,000. Gbèsè di ₦1,400,000. Bí ó bá rí iṣẹ́ tí ń san ₦100,000 lóṣù, tí owó náà kò sì yí padà, oṣù 140 ni yóò fi san án tán, èyí ni ọdún 11 àti oṣù 8. Ó yẹ kí ẹni tí yóò tọwọ́ bọ̀wé mọ èyí ṣáájú. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí ẹni tí ó kọ̀ láti yá a náà ṣe ìṣirò tirẹ̀. Baba tí ó ta ilẹ̀ ìdílé kí ọmọ lè kàwé kò jẹ ìjọba ní gbèsè, ṣùgbọ́n ó ti yá nǹkan lọ́wọ́ àwọn ọmọ tí a kò tíì bí, kò sì sí ọjọ́ tí wọn yóò rí i gbà padà.

Ìbéèrè tí ó kù ni ti sísan. Àwọn kan gbà pé owó ìjọba kò ní olówó. Ní ọdún 1972, ìjọba Ọ̀gágun Yakubu Gowon dá àjọ ẹ̀yáwó akẹ́kọ̀ọ́ sílẹ̀; ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ó jẹ àǹfààní rẹ̀ ni kò san án padà, ètò náà sì rọ. Àwọn àgbà ní ẹni tí ó yá ẹgbẹ̀fà tí kò san án, ó bẹ́gi dínà ẹgbèje. Nínú òwe yìí, ọ̀nà ara onígbèsè ni igi náà dí. Nínú ẹ̀yáwó ìjọba, onígbèsè ti kọjá kí igi tó wó. Ọmọ ẹlòmíràn tí ń bọ̀ lẹ́yìn ni ọ̀nà dí mọ́.

Òótọ́ ni pé ìjọba pẹ̀lú jẹ gbèsè. Ìjọba tí ó fi ìyanṣẹ́lódì jẹ ọjọ́ orí ọmọ, tí kò sì pèsè iṣẹ́, kò lẹ́nu láti jókòó ti ẹnikẹ́ni bí ológò. Ó yẹ kí á béèrè gbèsè yìí lọ́wọ́ rẹ̀ gbangba. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá gbẹ́sẹ̀ lé owó ọmọ tí ń bọ̀ lẹ́yìn kò tíì gba nǹkan kan lọ́wọ́ ìjọba.

Ó yẹ kí àwọn àgbà tí kò yá owó rí náà rántí. Láti oṣù Kìíní ọdún 1955 ni ìjọba Awólọ́wọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ọ̀fẹ́ ní Ìwọ̀-Oòrùn. Àwọn tí ó jẹ àǹfààní rẹ̀ kò tọwọ́ bọ ìwé kankan, bẹ́ẹ̀ ni owó orí àgbẹ̀ àti owó kòkó wà nínú ẹ̀kọ́ wọn. Gbèsè ni èyí náà, bí a kò tilẹ̀ kọ iye rẹ̀ sílẹ̀. Ẹni tí ó ń béèrè pé kí ọ̀dọ́ òní san tirẹ̀ gbọ́dọ̀ lè fi ohun tí òun ti san hàn.