Àmì Ìdánudúró Láàárín Gbólóhùn

Jẹjẹrẹ ọmú ló pa ìyá mi, òun náà ló pa àbúrò rẹ̀ obìnrin. Ní Daagbé níbí, àwọn ará ilé ní àyànmọ́ wọn nìyẹn. Èmi tí mò ń kọ́ àwọn àgbàlagbà ní ìwé kíkà kò lè fi ọ̀rọ̀ náà mọ síbẹ̀.

Ara wa ń ka jíìnì, àkọsílẹ̀ tí a jogún lọ́wọ́ òbí wa, bí ẹni ń ka gbólóhùn, ó sì ń fi í mọ purotéènì. Àṣìkọ kan lè fi àmì ìdánudúró sí àárín. Purotéènì á gé kúrú, kò ní lè ṣiṣẹ́ rẹ̀. Tẹ́lẹ̀, láti dá irú àṣìkọ bẹ́ẹ̀ mọ̀, àwọn onímọ̀ a máa jẹ́ kí ẹ̀dà jíìnì náà mọ purotéènì nínú ìgò, wọn a fi iná mànàmáná wọ́ ọ gba inú jẹ́ẹ̀lì: èyí tó kúrú a yára ju èyí tó pé lọ. Lónìí, lẹ́tà jíìnì gan-an ni wọ́n sábà ń kà.

Lọ́dún 2018, Ọ̀jọ̀gbọ́n Olúfúnmiláyọ̀ Olópàdé àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ìwádìí jáde lórí obìnrin 1,136 tó ní jẹjẹrẹ ọmú ní Nàìjíríà: nǹkan bí 7 nínú 100 ló ní àbùkù nínú jíìnì kan tí à ń pè ní BRCA1.

Ṣé orí nìyẹn? Bẹ́ẹ̀ ni, a kò yan lẹ́tà jíìnì wa. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá mọ ohun tí orí rẹ̀ gbé wá ló mọ ẹbọ tí yóò rú. Lójú tèmi, àyẹ̀wò ni ẹbọ àkọ́kọ́. Ìdí nìyẹn tí mo fi sọ ìtàn ìyá mi fún ọmọbìnrin mi, n kò fi nǹkan kan pamọ́.