Ajá Wa Kì Í Bunijẹ

Ní Mòlípà, ní Ìjẹ̀bú-Òde, láptọ́ọ̀pù àti bátìrì sólà ló kún ilé tí a rẹ́ǹtì, torí iṣẹ́ kọ̀ǹpútà là ń ṣe. Ìbẹ̀rù olè ló jẹ́ ká ra ajá. À ń so ó mọ́lẹ̀ látàárọ̀ dalẹ́ kó lè rorò. Ó sì rorò lóòótọ́. Lọ́jọ́ tí a gbàgbé ti géètì, ó bu ọmọ kan tó ń kiri ẹ̀kọ jẹ lójúgun.

Ohun tó kọ́kọ́ jáde lẹ́nu wa ni pé, "Kì í bunijẹ tẹ́lẹ̀ o!" (Ta ni ò tíì gbọ́ ọ rí?) A fi ọṣẹ àti omi fọ ojú egbò náà fún ìṣẹ́jú 15, a gbé e lọ gba abẹ́rẹ́, torí bí àmì dìgbòlugi bá ti hàn lára èèyàn, ó ṣọ̀wọ́n kó tó yè é. Ìyá rẹ̀ dúpẹ́ títí, bí ẹni pé oore la ṣe. Ọpẹ́ yẹn ń dùn wá dòní.

Ọ̀rẹ́ wa kan ní ká má da ara wa láàmú, a ṣáà kọ "Beware of Dogs" sára géètì. Ọmọ náà ò mọ̀wé kà.

Ní England àti Wales, láti oṣù Kejì ọdún 2024, ẹ̀ṣẹ̀ ni kéèyàn ní ajá XL Bully láìgba ìwé àṣẹ. Ṣùgbọ́n ajá lókà lásán ni tiwa. Àwa la fi ẹ̀wọ̀n kọ́ ọ ní ìrorò. Bí kóòdù tí a kọ bá jẹ owó oníbàárà, ṣé a lè ní kọ̀ǹpútà ló jẹ ẹ́?

Ọmọ náà ṣì ń kiri ẹ̀kọ. Tó bá ti kù díẹ̀ kó dé iwájú ilé wa, á sọdá sí òdìkejì títì.